Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Kékeré Wẹ Ìyá Rẹ̀

Ọmọ mi àtàtà, ìyá Lọ́yà, ìyá Ọ̀gá Kékeré,

Báwo ni ara? Báwo ni iṣẹ́? Ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín sí ọ? Ire tó bá jáde láti wá ọ kò ní ṣìnà, bó bá tiẹ̀ ṣìnà díẹ̀, ẹni tí yóò júwe ilé rẹ fún un kò ní jìnnà. Ohun tí ò ń wá lókè, wàá rí i nílẹ̀. Oúnjẹ tí o bá jẹ yóò di ẹran sí ọ lára. Àdúrà tó kẹ́yìn yìí, ó ní ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn, ìwọ ṣáà máa kà á lọ. Ìyá rẹ ṣe àmín láti ibi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó ní kí n má fi àdúrà nìkan gba gbogbo ojú ìwé, ó ní ìwé ò pọ̀ nílé.

Kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, fi ọkàn balẹ̀, kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn níbí, kò sì sí ẹni tó kú. Mo mọ̀ pé bí o bá rí àpò ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ rẹ sí, àyà rẹ á já, torí ìgbà wo ni mo kọ lẹ́tà sí ọ gbẹ̀yìn? Fóònù wa ló wẹ̀. Bí mo ṣe kọ ọ́ yẹn náà ni, ó wẹ̀, tọṣẹ tòun kànrìnkàn, mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn. Ayọ̀ ló gbé mi jókòó láti kọ̀wé yìí, ayọ̀ náà sì pọ̀ débi pé mo ti fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí, èmi tí mo ti ń ránṣọ kí wọ́n tó bí ọ. Ọ̀gá Kékeré ti wọlé sí jẹ́lé-ó-sinmi! Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ó jókòó níwájú tíṣà, wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó sì gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà wà dáadáa. Ọdún mẹ́fà ni Lọ́yà pé yìí, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti yọ, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kò yọ lẹ́nu rẹ̀ o. Lánàá, ìyá rẹ ní kó lọ wẹ̀, ó ní òun wẹ̀ níjẹta, àti pé láti ìgbà náà òun kò tíì lọ síbi kankan tó lè ba ìwẹ̀ yẹn jẹ́. Ìyá rẹ ti fẹ́ gbà fún un, kó tó rántí pé òun ló bí ìyá tó bí i. Káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní bí òun bá ní ẹjọ́ ní kóòtù lọ́jọ́ iwájú, òun kò ní gba ẹlòmíràn. Ọ̀gá Kékeré ní tirẹ̀ kò tíì ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe. Láràárọ̀ ló ń ká ọwọ́ sẹ́yìn, á máa rìn yí ṣọ́ọ̀bù ká, á wo ẹ̀rọ ìránṣọ, á wo àlùmọ́gàjí, á ṣa gbogbo ègé aṣọ tó wà nílẹ̀ sínú garawa. Bí mo bá gé aṣọ tí kò gún, á dúró, á wò mí. Àwọn oníbàárà mi ti ń kí i kí wọ́n tó kí èmi.

Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ gbẹ̀yìn nínú fóònù ni kí n mú báyìí. O ní wọn kò fún ọ ní ìsinmi, pé ẹ̀yin méjì péré lẹ wà níbi tí ẹ ti ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀, pé bí ìwọ bá kúrò, ẹnì kejì rẹ yóò subú lulẹ̀. O ní ọkọ rẹ náà wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, kò mọ ọjọ́ tí yóò dé. Nítorí náà o ò ní lè wá lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Kékeré máa bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi, ó di ìparí ọdún, ṣùgbọ́n o máa fi fóònù tuntun ránṣẹ́, ńlá, èyí tó fẹ̀ bíi síléètì, kí àwọn ọmọ lè máa rí ọ dáadáa. Ọmọ mi, inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́. Mo lọ sọ fún káfíńtà pé ọmọ mi ń kó kúrò nínú fóònù oníyàrá kan bọ̀ sínú èyí tó ní pálọ̀. Mo sọ fún alápatà, mo sọ fún onígbàjámọ̀, mo sọ fún ẹnì kan tó kàn wá béèrè ọ̀nà. Mo ní ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyí ń bọ̀ wá tóbi.

Torí ó yẹ kí o tóbi o. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ àdúrà oúnjẹ nìyí. Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí o yọ sí wa nínú fóònù, mo fa téèpù yọ, mo wọn ojú rẹ láti etí dé etí, ó jẹ́ ínṣì méjì géérégé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo tún wọ̀n ọ́n, ó ti di ínṣì kan àti díẹ̀. Ìyá rẹ ní bóyá o gbé fóònù jìnnà sí ara ni. Mo bi í pé ṣé bí ẹni tó wọ ṣòkòtò bá jìnnà sí wa, ṣòkòtò náà á di péńpé ni? Ogójì ọdún tí mo ti ń fi téèpù jẹun, kò tíì purọ́ fún mi rí. Mo ti ń bínú sí ìlú ńlá yẹn láti ọjọ́ náà, ìlú tó gba odidi ọmọ lọ́wọ́ èèyàn tó sì ń dá ìdajì padà. Jọ̀wọ́, máa jẹ ẹyin, máa mu mílíkì, má fi bisikíìtì nìkan ṣe oúnjẹ ọ̀sán mọ́.

Mo wá ronú pé mo lè fi ọgbọ́n yìí rán aṣọ fún ọ. Mo mú Lọ́yà dúró, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n nínú fóònù, mo tún wọ̀n ọ́n lóde, mo pín in, mo sọ ọ́ di púpọ̀, mo wá mọ iye tí fóònù fi ń dín èèyàn kù. Bí mo ṣe mú ìwọ̀n èjìká rẹ nìyẹn, mo mú ti àyà, mo kọ wọ́n sínú ìwé ìwọ̀n mi. Aṣọ náà aláwọ̀ ewé ni, ó lẹ́wà. Ẹ̀yìn rẹ nìkan ló kọ́kọ́ ṣòro, mo yí fóònù padà láti wo bí ẹ̀yìn ṣe rí, mo wá rí i pé o ò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé ìṣirò yìí fún káfíńtà, ó lọ ya fọ́tò kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà kan, ó ní òun náà kò ní máa rìn lọ sílé èèyàn láti wọn nǹkan mọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù náà kò gba ẹnu ọ̀nà wọn, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi mi, kò mọ ìṣirò pín ni.

Kí n má gbàgbé, ilé iṣẹ́ fóònù ń kí wa. Àwọn èèyàn yẹn lọ́yàyà o. Kí fóònù tó wẹ̀, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ̀wé sí mi, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nígbà tí ọmọ tí mo bí lè lo ọjọ́ mẹ́fà kó má kọ nǹkan kan. Wọ́n ní dátà mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n ní mo lè gba orin sórí fóònù. Mo máa ń dá wọn lóhùn dáadáa, mo sọ fún wọn nípa eyín Lọ́yà, mo ní orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́. Wọn kò tíì dáhùn lórí orúnkún náà, mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ó yá, fọ́ọ̀mù. Jẹ́lé-ó-sinmi fún mi ní fọ́ọ̀mù ojú ewé mẹ́rin. Mo fọ ọwọ́, mo gbá tábìlì ìgéṣọ mi mọ́, mo kọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ ìwé ilẹ̀. Wọ́n béèrè ohun tí ọmọ kò gbọdọ̀ jẹ, mo kọ bọ́tìnnì. Mo fi kún un pé èyí tó gbé mì lóṣù kẹta ti jáde, aláwọ̀ búlúù, oníhò mẹ́rin, kí wọ́n má baà rò pé a fi nǹkan pamọ́. Wọ́n béèrè ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀. Mo ní kí wọ́n pe èmi, kí wọ́n dúró lójú fèrèsé kẹta ilé ìwé wọn, kí wọ́n kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi, kí wọ́n pe Télọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mi ò bá dáhùn, a jẹ́ pé ariwo ẹ̀rọ ni, kí wọ́n mú sùúrù kí n ran ojú ibẹ̀ dé òpin. Ibi tí wọ́n ní kí ìyá tọwọ́ bọ̀, mi ò tọwọ́ bọ̀ ọ́, èmi kì í ṣe ayédèrú. Nígbà náà, mo ń dúró kí o pè ni, kí n dojú fóònù dé orí ibẹ̀, kí o fi ọwọ́ rẹ bọ̀ ọ́.

Wọ́n tún sọ fún wa pé àwọn ìyá ló máa mú ọmọ wọn wá ní Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, ìyá kọ̀ọ̀kan á jókòó ti ọmọ tirẹ̀ nínú kíláàsì títí tí ẹkún á fi tán. Mo ní kò sí wàhálà. Mo sọ fún ọ̀gá àgbà wọn pé kí wọ́n fi àga kékeré kan sílẹ̀ fún fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá Kékeré, kó má jẹ́ èyí tí oòrùn máa tàn sí. Ọ̀gá àgbà náà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí, wọ́n wò mí, wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá la wá lọ fún ìdánwò, èmi, Lọ́yà àti ẹni tí wọ́n fẹ́ dán wò. Mo wọ bàtà. Yàrá náà kún fún àga kéékèèké, àwọn ìyá jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ògiri, èmi nìkan ni ọkùnrin. Tíṣà mú ìwé àwòrán kan, ó gbé Ọ̀gá Kékeré jókòó, ó ṣí i. Ó fi ife hàn án, ọmọ náà ní ife. Ó fi bàtà hàn án, ó tọ́ka sí bàtà mi. Ó fi ajá hàn án, ó gbó bí ajá, tó fi jẹ́ pé ọmọ kan lórí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Lẹ́yìn náà ni tíṣà ṣí ibi tí wọ́n ya obìnrin kan sí, obìnrin náà dúró, ó gbé báàgì, ó di ọmọ kékeré kan lọ́wọ́ mú. Tíṣà bi í pé ta ni èyí. Ọ̀gá Kékeré wò ó látòkè délẹ̀, ó ní àǹtí ni. Tíṣà ní ó dáa, ta wá ni ìyá ọmọ yìí? Kò dáhùn. Tíṣà tún bi í, kò dáhùn, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

Òógùn ti bò mí. Tíṣà ṣí ojú ewé mìíràn, wọ́n ya fóònù síbẹ̀. Ọmọ mi, bí ọmọ yìí ṣe fò dìde lórí àga! Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìwé náà, ó kígbe, "Mọ́mì!" Ketekete ni, kò há a lọ́nà ọ̀fun. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ojú ìwé, ó tún pè é. Gbogbo àwọn ìyá orí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín, èmi sì rín ju gbogbo wọn lọ, mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí, torí láti ìgbà tí o ti fi ọmọ yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa lọ́mọ oṣù mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó gbọ́ kí ó pè ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ pẹ́, mo rò pé máàkì ló ń fún un. Wọ́n ní ó ti wọlé, ṣùgbọ́n pé bó bá ṣeé ṣe rárá, kí ìyá rẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ní ó máa wá dandan, mo ní èmi fúnra mi ni màá ṣájì rẹ̀ kó kún kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, mò ń kí gbogbo ẹni tí a bá pàdé, mò ń ròyìn, Ọ̀gá Kékeré wà léjìká mi. Lọ́yà ni kò sọ nǹkan kan, ìyẹn sì ti tó ẹ̀rù, torí mo rò pé inú ló ń run ún. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ ilé káfíńtà, ó fà mí láṣọ, ó ní, "Bàbá Àgbà, kò mọ̀ pé Mọ́mì lẹ́sẹ̀."

Mo ní ọ̀rọ̀ rírùn wo nìyẹn, ta ni kò lẹ́sẹ̀? Lọ́yà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní ìgbà wo ni àbúrò òun rí ẹsẹ̀ rẹ rí. Ó ní nínú fóònù, orí ni, ọrùn ni, àyà ni, lẹ́yìn náà ó parí. Ó ní òun rántí pé o máa ń sáré lé òun yíká ilé, ṣùgbọ́n àbúrò òun kò rántí nǹkan kan, ohun tó mọ̀ kò ju ohun tó ń wọ àpò mi lọ. Mo ra búrẹ́dì fún un kí ẹnu rẹ̀ lè rí nǹkan mìíràn ṣe. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ bí ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹ̀wà tó ń ṣà wọlé.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni ìwẹ̀ wáyé. Ìyá rẹ pọn omi sínú bàsíà láti wẹ Ọ̀gá Kékeré, ó yà sínú yàrá láti mú táwẹ́ẹ̀lì. O mọ̀ pé mo rán aṣọ fún fóònù wa, kékeré, oníbọ́tìnnì méjì, kó má baà họ. Ọmọ yìí mú fóònù lórí tábìlì mi, ó bọ́ aṣọ rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí àpótí, ó wá gbé ìyá rẹ̀ sínú omi. Ó fi ọṣẹ sí i, ó fi kànrìnkàn họ ọ́ níwájú, ó họ ọ́ lẹ́yìn, ìyá rẹ ní òun ń gbọ́ tó ń sọ fún un pé kó di ojú. Ìgbà tí ìyá rẹ fi máa dé, ó ti ṣan án, ó ti nù ún, ó ń fi ìpara pa á. Ìyá rẹ lọgun, mo sáré wọlé, téèpù ṣì wà lọ́rùn mi. Ọ̀gá Kékeré gbé e sókè kí n wò ó, ó ní Mọ́mì ti mọ́. Ta ló fẹ́ na irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Ó wẹ ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wẹ òun, kò fi ibì kankan sílẹ̀.

Mo gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún un ṣe. Ó ní ká gbé e sínú ìrẹsì fún ọjọ́ mẹ́ta, ìrẹsì tútù tí a kò tíì sè. Ó yé mi, kò tíì jẹun látàárọ̀, omi tútù sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ìyá rẹ bu ìrẹsì díẹ̀ sínú abọ́, mo ní kó fi kún un, mo ní àlejò kọ́, ọmọ rẹ ni. Fún ọjọ́ mẹ́ta, Ọ̀gá Kékeré tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ ìrẹsì. Bí mo bá tẹ ẹ̀rọ, ó fi ìka lé ètè, ó ní Mọ́mì ń sùn. Mo gbé ẹ̀rọ lọ síta, mo ń ránṣọ lábẹ́ igi. Ó ń fi ìrẹsì bo ojú rẹ̀, ó ń ṣí i, ó ń bò ó. Kò sunkún, ì bá tiẹ̀ sàn kó sunkún.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin náà tú fóònù, ó mì í, ó ní kò lè jí mọ́. Níṣojú ọmọ ló ti sọ ọ́, ìyá rẹ sì fi ojú gbá a lẹ́nu débi pé kò gba owó iṣẹ́. Káfíńtà, ọkàn ire ni, ó rẹ́ pákó pẹlẹbẹ kan, ó fá a títí ó fi dán, ó jọ fóònù náà délẹ̀. Ọ̀gá Kékeré gbà á, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó dá a padà fún un, ó ní èyí kì í ṣe Mọ́mì. Ó sì ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó jáde lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ mi, láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu mi. Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an.

Mo ní kí n lọ fi iṣẹ́ pa ìrònú rẹ́, kí n parí aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn. Mo ṣí ìwé ìwọ̀n, mo rí èjìká, mo rí àyà, mo wá gígùn láti ìbàdí délẹ̀, òfìfo. Mi ò wọ̀n ọ́n. Níbo ni mo ti fẹ́ wọ̀n ọ́n? Mo pe ìyá rẹ kó wá fi ọwọ́ sí ara férémù ilẹ̀kùn, kó fi ibi tí o ga dé hàn mí. Ó fi ọwọ́ sí òkè kọ́kọ́rọ́, mo ní irọ́ ni, o ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo fi ọwọ́ síbi tèmi. A jiyàn títí. Àwa tí a bí ọ, àwa tí a kọ́ ọ ní ìrìn, a dúró síwájú ilẹ̀kùn bí ọlọ́pàá méjì, kò sí ẹni tó lè búra nínú wa. Nígbà tó yá ìyá rẹ jókòó sórí àpótí, ó fi ìborùn nu ojú. Mi ò ṣẹ́tí aṣọ náà, bẹ́ẹ̀ ló wà.

Ṣùgbọ́n inú ibẹ̀ náà ni ọgbọ́n ti wọ̀ mí lórí, ìdùnnú sì ti gbé mi láti ìgbà náà, n kò lè jókòó! Má ra fóònù ńlá náà. Mo mọ̀ pé mo ti pariwo rẹ̀ káàkiri, ojú á tì mí lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ fún ọjọ́ méjì, màá fara dà á. Bí fóònù bá tóbi tó ilẹ̀kùn, àyà náà ni o máa parí sí. Mo ti padà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà jẹ́lé-ó-sinmi, mo ní kí wọ́n gbé àga kékeré yẹn kúrò, kí wọ́n wá èyí tó lè gba àgbàlagbà. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní ẹ ṣeun, Bàbá.

Mi ò bá ọ wí o. Iṣẹ́ rẹ ló ń bọ́ wa, gbogbo wa la mọ̀. Mo fi ìwé kékeré kan sínú lẹ́tà yìí fún ọ̀gá yín, fún un, ẹ̀rù kò gbọdọ̀ bà ọ́. Mo kí i, mo kí ìdílé rẹ̀, mo ní bó bá lè yọ̀ǹda rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta péré, mo máa rán ṣòkòtò méjì fún un láìgba kọ́bọ̀. Bá mi mú ìwọ̀n ìbàdí rẹ̀ wá. Fi téèpù wọ̀n ọ́n lára rẹ̀ o, má wọ̀n ọ́n nínú fóònù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, o mọ̀ pé lẹ́tà bàbá kì í parí láìkan owó. Gbogbo owó tí o ti tò jọ fún fóònù yẹn ni mo fẹ́, má yọ nǹkan kan nínú rẹ̀, má ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́. Mú un lọ sí ibùdókọ̀, kí o fi wọ ọkọ̀. Bó bá ṣẹ́ kù, ìyá rẹ ní kí o ra ìrẹsì díẹ̀ bọ̀, òun kò lè se èyí tó wà nílẹ̀ yìí. Ọlọ́run á gbé ọ wá láyọ̀, awakọ̀ tó máa gbé ọ kò ní tòògbé, táyà kò ní bẹ́, ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì kò ní kọ, wọ́n á gbé ọ dé iwájú ọmọ rẹ.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Bí o bá dé, má kàn wọlé lóòró gangan bẹ́ẹ̀, o máa dẹ́rù bà á. Gba ẹ̀yìnkùlé. Yọ́ wá sẹ́yìn tábìlì ìgéṣọ mi, kí o kúnlẹ̀ síbẹ̀, kí orí rẹ àti àyà rẹ nìkan yọ sókè tábìlì, bó ṣe mọ̀ ọ́ gan-an. Èmi á gbé e wá síwájú rẹ. Má fọwọ́ kàn án, má sunkún, jẹ́ kó wò ọ́ títí, jẹ́ kó fúnra rẹ̀ pè ọ́. Bó bá ti pè ọ́ tán, kí o wá dìde, díẹ̀díẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, Télọ̀.